Ẹ̀rù àti Ẹ̀rù-Àṣìbà: Àyẹ̀wò Ìbẹ̀rù àti Fóbí láti Ìlú Abidjan

Àwọn baba wa tí wọ́n fi èdè yìí lé wa lọ́wọ́ kì í sọ pé ènìyàn ní ẹ̀rù bí a ti ń sọ pé ó ní owó tàbí pé ó ní ọmọ. Ẹ̀rù ni wọ́n ní ó ń ba ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà sì dún létí bí ìgbà tí ẹyẹ bá bà sórí ẹ̀ka tí kò ránṣẹ́ pè é, tí ẹ̀ka náà sì ń mì tìtì tí kò mọ ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí mo ń wá orúkọ fún irú ẹ̀rù tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń pè ní fóbí, gbólóhùn yìí ni mo padà sí: bí àṣìṣe ti jẹ́ iṣẹ́ tí a ṣì ṣe, tí àṣìgbọ́ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ṣì gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo pe èyí ní ẹ̀rù-àṣìbà, ẹyẹ tí ó bà sórí ẹ̀ka tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ó sì kọ̀ tí kò fò mọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe bí ẹ̀rù ti pọ̀ tó ni ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé ẹ̀rù tí ó tọ́ lè gbọn ènìyàn jìgìjìgì ju èyí tí ó ṣìnà lọ. Ohun tí ó yà wọ́n ni bóyá ẹ̀rù náà ṣì ń gba ìròyìn lọ́wọ́ ayé tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, pàápàá ní ìlú bí Abidjan tí ojú rẹ̀ ti rí ohun púpọ̀, yóò máa pe ẹni tí ara rẹ̀ le ní aláìsàn, yóò sì máa fi èébú lé aláìsàn kúrò ní ẹnu ọ̀nà oníṣègùn.

Èdè Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ọ̀ràn yìí. Ìfòyà ni ti ẹni tí ó ń ro ohun tí ọ̀la lè mú wá. Ìpayà ni ti ẹni tí nǹkan dé bá ní òjijì. Jìnnìjìnnì a máa bo ni láti orí dé ẹsẹ̀. Àyà a máa já, orí a máa wú, ara a sì máa bù máṣọ. Àwọn àgbà sì tún ya ìbẹ̀rù tí ó jẹ́ ọ̀wọ̀ sọ́tọ̀: ọmọ tí ó bẹ̀rù bàbá rẹ̀ kì í ṣe ojo, obìnrin tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí nígbà tí Orò ń ké kò ṣàìsàn, ẹni tí ó sì dọ̀bálẹ̀ nígbà tí àrá Olúkòso, ọkọ Ọya, ń sán lókè, ìtẹríba ni ó ṣe, nítorí pé ó mọ ẹni tí ó jù ú lọ. Ojo nìkan ni wọ́n bú, ojo sì ni ẹni tí ó jẹ́ kí ẹ̀rù gba ojúṣe rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣẹ́ kù tí a kò fún ní orúkọ kan pàtó, òun náà ni akíkanjú tí ó ti la ogun já, tí ó ti kó ọjà gba ẹnubodè mẹ́rin kọjá lóru, tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní ojo, ṣùgbọ́n tí kò lè dúró sínú yàrá kan náà pẹ̀lú ológbò. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe mú gègé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rù tí ó tọ́ wò. Oníbodè ni. Walter Cannon, olùkọ́ ní yunifásítì Harvard, ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1915 pé nígbà tí ewu bá yọjú, ẹṣẹ́ kékeré tí ó jókòó sórí kíndìnrín a tú omi ara tí à ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn a bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ a fi inú sílẹ̀ lọ bá iṣan ẹsẹ̀ àti apá, ṣúgà a wọ inú ẹ̀jẹ̀, gbogbo rẹ̀ kí ènìyàn lè jà tàbí kí ó lè sá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ bí Joseph LeDoux fi hàn pé ẹ̀yà kékeré méjì nínú ọpọlọ, tí wọ́n dàbí kóró èso álímọ́ńdì, tí orúkọ wọn sì ń jẹ́ amygdala, ni wọ́n ń lu agogo náà, àti pé wọ́n lè lù ú kí apá ọpọlọ tí ń ronú tó mọ ohun tí ojú rí. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi ti fò sẹ́yìn kí ó tó mọ̀ pé okùn ni, kì í ṣe ejò.

Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí oníbodè yìí kò bá sí nílé, a rí i lára obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tí àwọn onímọ̀ mọ̀ sí S.M., ẹni tí àìsàn kan tí kò wọ́pọ̀ jẹ amygdala rẹ̀ méjèèjì run. Nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2011, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtajà ẹran-ọ̀sìn, ó fi ọwọ́ kan ejò, ó tún ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ kan àwọn tí oró wà lẹ́nu wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kórìíra ejò. A ti yọ ọ̀bẹ sí i rí, ó sì tún gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kejì. Àwọn àgbà tí wọ́n wí pé àgbà tí ó rí ejò tí kò sá, ara ikú ni ó ń yá a, kò mọ S.M. rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti sọ sílẹ̀ dè é. Ẹ̀rù kì í ṣe ọ̀tá. Ẹni tí kò ní in ni aráyé ń ṣọ́.

Kí ni fóbí wá jẹ́? Orúkọ náà ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Gíríìkì wá, àwọn tí wọ́n ń pe ọmọ òrìṣà ogun wọn ní Phobos. Ní 1871 ni Carl Westphal, oníṣègùn ní ìlú Berlin, kọ̀wé nípa àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí ara wọn le, tí iṣẹ́ wọn sì dára, ṣùgbọ́n tí wọn kò lè dá gba gbàgede kọjá láìjẹ́ pé àyà wọn já. Ọ̀pá lásán, tàbí ẹnì kan tí ó bá wọn rìn, a sì máa mú ara wọn balẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti ń pààlà. Ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tí ó jáde ní 2013 béèrè pé kí ẹ̀rù náà ju ewu tí ó wà níbẹ̀ lọ fíìfíì, kí ó ti tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹni náà máa yẹra fún ohun náà tàbí kí ó máa fi ìrora fara dà á, kí ó sì ti máa ba ìgbé-ayé rẹ̀ jẹ́. Ẹranko, ibi gíga, ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́, bàálù, ibi há-há-há, ojú àwùjọ: èyí ni àwọn tí ó wọ́pọ̀. Isaac Marks àti Michael Gelder sì fi hàn ní 1966 pé olúkúlùkù ní àsìkò tirẹ̀, pé ti ẹranko a máa bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, ti ojú àwùjọ nígbà ọ̀dọ́, ti gbàgede nígbà tí ènìyàn bá ti dàgbà tán. Ti ẹ̀jẹ̀ ni ó yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé nígbà tí gbogbo ẹ̀rù yòókù ń mú ọkàn sáré, èyí a máa mú un dẹwọ́ lójijì títí ẹni náà yóò fi dákú. Àwọn tí a ń pè ní ọ̀lẹ nítorí pé wọ́n ṣubú nílé ìwòsàn nígbà tí wọ́n rí abẹ́rẹ́, ara wọn ni ó dá wọn, kì í ṣe ìwà wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí nǹkan yìí ń ṣe ni ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè, wọn yóò sọ fún yín fúnra wọn pé ológbò kì í pa ènìyàn. Orí mọ̀, àyà ni kò gbọ́. Nítorí náà ni ìbáwí kò fi ṣe é ní nǹkan, tí àlàyé kò sì ràn án. Ẹ̀rù náà ti di ẹrù, ẹni tí ó rù ú kò sì rí ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí.

Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ ohun tí agogo tí ó ṣì dún lè ṣe, Abidjan ní ọ̀kan tí ó fi ojú ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá sínú ẹkún. Ní alẹ́ ọjọ́ 30, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2000, bàálù Airbus A310 ti ilé-iṣẹ́ Kenya Airways gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú Félix Houphouët-Boigny ní Port-Bouët, ó ń lọ sí Èkó. Èkó ni ì bá ti kọ́kọ́ balẹ̀ nígbà tí ó ń ti Nairobi bọ̀, ṣùgbọ́n ọyẹ́ tí ó bo ojú ọ̀run kò gbà á láyè, ni ó bá wá sí Abidjan tààrà. Ènìyàn 179 ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà; kò pé ìṣẹ́jú kan tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ tí ó fi já sínú òkun, ènìyàn mẹ́wàá péré ni ó sì yè. Kí Ọlọ́run tẹ́ àwọn tí ó lọ sí afẹ́fẹ́ rere. Nígbà tí a ṣe ìwádìí tán, a rí i pé ìkìlọ̀ tí ó máa ń wí fún awakọ̀ pé afẹ́fẹ́ kò gbé ọkọ̀ mọ́ ni ó wáyé nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì gbé e dáadáa. Awakọ̀ tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ pé kí ó ṣe bí ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé, ní òru tí òkùnkùn bo òkun tí kò sí iná kan níwájú tí ì bá fi mọ ibi tí òun wà. N kò sọ ọ́ láti dá òkú lẹ́bi. Ìkìlọ̀ tí ó tọ́ láti gbọ́, tí ó ti gba ẹ̀mí púpọ̀ là lọ́jọ́ mìíràn, ni ó dún lọ́jọ́ tí kò yẹ kí ó dún, ara sì gbọ́ tirẹ̀ kí ọgbọ́n tó dé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fóbí ti ń ṣe nínú ènìyàn.

Ẹ wá fojú inú wo oníṣòwò aṣọ kan ní ọjà Treichville, ọmọ Èjìgbò, nítorí pé Èjìgbò ni orírun púpọ̀ nínú àwọn tí ará ìlú Abidjan ń pè ní Anàgó, tí èdè Faransé sì ti ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ wọn nílé, ní Èjìgbò, bí ẹni pé ibẹ̀ ni a ti bí i. Ká sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá bàálù náà lọ. Bí obìnrin yìí bá kọ̀ láti wọ bàálù fún oṣù mẹ́ta, ọ̀fọ̀ ni ó ń ṣe, ẹ̀rù rẹ̀ sì mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọdún kẹwàá, tí ó ń fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta gba ojú ọ̀nà láti Noé sí Elubo, láti Aflao dé Lomé, láti Hillacondji dé Sèmè, nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ kò sùn, tí kò lè dé ibi ìsìnkú ìyá rẹ̀ lásìkò nítorí pé ó kàn gbọ́ ìró bàálù ni òógùn ń bò ó, a jẹ́ pé ẹyẹ ti ṣi ẹ̀ka bà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ṣọ́ ọ̀run fún un, ojú ọ̀nà tí ó ti ń pa ènìyàn ju òfuurufú lọ ni ó sì ń jẹ́ kí ó máa fi ara rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹni tí ejò bá ti ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, a máa sá. A kì í bú u, ṣùgbọ́n a kì í sọ fún un pé ejò ni ekòló.

Ní 1920 ni John Watson àti Rosalie Rayner ti fi òwe yìí dán ọmọ ọwọ́ kan wò ní Amẹ́ríkà, ọmọ tí a mọ̀ sí Albert. Wọ́n fi eku funfun hàn án, kò bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n wá ń fi òòlù lu irin gbàmù lẹ́yìn rẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá fẹ́ fọwọ́ kan eku náà, títí ó fi jẹ́ pé bí ó bá rí eku, tàbí ehoro, tàbí aṣọ onírun pàápàá, ẹkún ni. Iṣẹ́ búburú ni wọ́n ṣe, nítorí pé ọmọ náà kúrò lọ́dọ̀ wọn láìjẹ́ pé wọ́n tú ohun tí wọ́n dì. Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń sá fún ekòló ni ejò ti ṣán. Martin Seligman kọ̀wé ní 1971 pé ó dàbí ẹni pé a ti bí àwọn ènìyàn pẹ̀lú ìmúrasílẹ̀ láti bẹ̀rù àwọn ohun kan ju òmíràn lọ: ejò, ibi gíga, òkùnkùn, àwọn ohun tí ó pa àwọn baba ńlá wa. Èyí ni mo fi ń rí ìdáhùn sí ohun tí ó ti ń rú mi lójú nípa Adjamé ní Abidjan, níbi tí gbàkà, ọkọ̀ akérò kékeré wọn, ti ń sáré àsápajúdé láàrin èrò láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí àwọn ènìyàn sì ń so mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n tí alángbá kan bá já láti orí òrùlé, ọjà a tú. Oníbodè wa ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò tíì kọ́ orúkọ gbàkà.

Mo ní kí a má pe ẹni tí ara rẹ̀ le ní aláìsàn, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí sì ti kàn mí jù nìyí. Àwọn Yorùbá tí ń gbé ilẹ̀ àjèjì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti rí ohun tí ó lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìfòyà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, àwọn ọ̀dọ́ Abidjan dìde sí àwọn ará Dahomey àti Togo, wọ́n sì lé wọn. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀, àwọn ìdílé Yorùbá tí wọ́n ti bí ọmọ bí ọmọ-ọmọ síbẹ̀ sì kó ẹrù wọn dà sójú títì. Ní Côte d'Ivoire, lẹ́yìn ikú Ààrẹ Houphouët-Boigny ní 1993, ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀ gidi, tí wọ́n pè ní ivoirité, gba ìlú kan nígbà tí ìkànìyàn 1998 fi hàn pé ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń gbé orílẹ̀-èdè náà jẹ́ àjèjì. Ọ̀tẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2002, nígbà tí ó sì di rògbòdìyàn ìbò láti ìparí 2010 títí di ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 2011 tí a mú Ààrẹ Laurent Gbagbo, ènìyàn tí ó tó 3,000 ni ó ti kú. Ní Abobo, ní Abidjan, ni wọ́n ti yìnbọn pa àwọn obìnrin méje tí ń wọ́de ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta. Ní ẹ̀gbẹ́ títì ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gba ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ èrò ọkọ̀, tí wọ́n sì ní orúkọ tí wọ́n ń pe sísun ènìyàn láàyè: abala 125, fránkì 100 fún epo bẹntiróòlù, fránkì 25 fún ìṣáná.

Oníṣòwò tí ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa ní àwọn oṣù náà, tí ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sílé, tí kò jẹ́ kí a gbọ́ èdè rẹ̀ lójú pópó, kò ní fóbí. Oníbodè rẹ̀ jí pépé. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, ẹni tí ó bá sì pe ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ní àìsàn ń gba ẹ̀bi lọ́wọ́ apànìyàn, ó ń gbé e fún ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Bí ẹni kan bá sì wà tí ìlú ti rọ̀ fún, ṣùgbọ́n tí ìbọn ọjọ́ náà ṣì ń dún nínú oorun rẹ̀, tí ó ń pa dà rí ohun tí ó rí, àìsàn nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ní orúkọ tirẹ̀, ìrántí tí kò jinná ni, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti fóbí.

Láàrin ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni mo ti ní ohun kan láti sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn. Wọ́n ń pe ìkórìíra àjèjì ní xénophobie, orúkọ náà sì ń bò ó láṣìírí. Ẹni tí fóbí ń ṣe a máa gbọ̀n, a máa sá, ojú a máa tì í, ohun tí ó ń bẹ̀rù kò sì ní èrè kan fún un. Ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì tí ó mú táyà àti ìṣáná dání kò sá fún àjèjì. Ó lọ bá a. Kò gbọ̀n. Ìsọ̀ tí àjèjì bá fi sílẹ̀, ẹnìkan ni yóò gbà á. Ìkà tí a kọ́ ènìyàn ni, àwọn tí ó kọ́ wọn sì mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ilé ẹjọ́ ni ó tọ́ sí i, kì í ṣe ilé ìwòsàn.

Ní ti àwọn tí ilé ìwòsàn tọ́ sí, díẹ̀ ni ó ń dé ibẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ènìyàn 4,984 sọ̀rọ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí a ti ń sọ Yorùbá ní Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006: àwọn àìsàn tí ẹ̀rù àti àìbalẹ̀-ọkàn jẹ́ gbòǹgbò wọn ni ó wọ́pọ̀ jù, ìdá 5.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti ṣe rí, àti nínú àwọn tí àìsàn ọpọlọ ti mú wọn lágbára gidi, bí ìdá 8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí ìtọ́jú láàrin ọdún kan. Ìtìjú ni ó ń tì wọ́n mọ́lé. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti mọ èyí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró ní 1954, tí ó ń jẹ́ kí aláìsàn gbé lábúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, tí ó sì ń bá àwọn onísègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Lẹ́bàá Abidjan, ilé ìwòsàn ọpọlọ Bingerville ti ń ṣiṣẹ́ láti 1962. Kò sì jìnnà sí i ni abúlé Bregbo wà létí ọ̀sà, níbi tí wòlíì Albert Atcho, ọmọ ìjọ tí ìwàásù William Wadé Harris dá sílẹ̀, ti ń gba àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́wọ́ ohun tí ó wà nínú wọn lójú gbogbo ènìyàn. Ìjẹ́wọ́ a máa tu ẹni tí ẹ̀bi ń jẹ lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bẹ̀rù bàálù kò ní ohun kan láti jẹ́wọ́, bí a bá sì ní kí ó jẹ́wọ́ àjẹ́ nítorí rẹ̀, a ti fi ẹ̀rù kejì kún ti àkọ́kọ́.

Ohun tí ń wo ẹ̀rù-àṣìbà sàn kò le láti sọ, ó kàn ń fẹ́ sùúrù ni. Ní 1924 ni Mary Cover Jones kọ ìròyìn ọmọdékùnrin kan, Peter, tí ó ń bẹ̀rù ehoro: wọ́n gbé ehoro sí ọ̀nà jíjìn nígbà tí ọmọ náà ń jẹ oúnjẹ tí ó fẹ́ràn, wọ́n ń sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, títí ó fi ń fọwọ́ pa á lára. Joseph Wolpe, ọmọ Johannesburg, sọ ọ́ di ètò ìṣègùn nínú ìwé rẹ̀ ní 1958, ó ní kí aláìsàn to àwọn ohun tí ó ń bẹ̀rù bí àtẹ̀gùn, kí ó gun ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ara tí ó balẹ̀. Àwọn baba wa wí pé ojú tí ó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kí ó tún bẹ̀rù. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí òkun ti gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní lè ti òkun bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sà ni kí oníṣòwò wa ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ó wọ ọkọ̀ ojú omi SOTRA ní Treichville lọ sí Plateau, kí ó tún un ṣe títí yóò fi sú u. Kí ó lọ dúró létí ọ̀nà omi Vridi tí a là ní 1950, níbi tí ọ̀sà ti ń bá òkun pàdé, kí ó máa wo bí omi méjèèjì ti ń dà pọ̀, kí àyà rẹ̀ já, kí ó má sì kúrò títí yóò fi balẹ̀, nítorí pé bí ó bá sá nígbà tí àyà ń já, sísá náà ni oníbodè yóò kọ́. Kí ẹnìkan bá a jókòó ní Port-Bouët nítòsí pápákọ̀ òfuurufú ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n ra àtíẹ́kẹ́ àti ẹja, kí bàálù máa gbéra lókè orí wọn, kí ẹni náà má bá a wí, kí ó má sì tàn án jẹ. Bí ó bá di ọjọ́ tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó, ẹ̀rù yóò ṣì bà á. Yóò jókòó síbi fèrèsé, yóò di àga mú, nígbà tí bàálù bá sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ lórí òkun, yóò ṣírò ìṣẹ́jú kan náà lọ́kàn, títí yóò fi kọjá.